Ojú Ewé Ìdílé: Mímú Ọmọ Ẹ̀kọ́ Lọ sí Odò Àjèjì

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ wa láti ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ará wa tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ pípẹ́ ni òun ti ń fi ìwọ̀ pẹja nínú adágún omi Blagdon, òun kì í sì í sábà bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo. Nísinsìnyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọkùnrin ọdún 14, ti Ìbàdàn dé láti máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, yàrá ni í wọ̀ lọ, a sì ti ilẹ̀kùn. Ará wa yìí rò pé ọjọ́ kan létí odò yóò tú u nínú. Ó ti yan odò Usk ní ilẹ̀ Wales nítorí òkìkí rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀ rí. Ó ti ra ṣòkòtò rọ́bà tí ó ga dé àyà fún ọmọ náà, kí wọn lè jọ wọ inú omi. Ní ìparí ìwé rẹ̀ ni ó wá fi í kún un, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé ọmọ náà kò mọ̀ bí a ti í lúwẹ̀ẹ́. Ó béèrè pé kí ni kí òun ṣe kí ọjọ́ náà lè dára.

Ìbéèrè rere ni, inú wa sì dùn pé ó béèrè kí ó tó lọ. Àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ni í pọ́n ara rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ẹja pípa yìí fún àwọn tí ń kà wá nílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja, ekòló tàbí ìjẹ mìíràn ni yóò fi sí ẹnu ìwọ̀; yóò so òjé mọ́ okùn, òjé náà ni yóò sì gbé okùn lọ síbi tí ó fẹ́. Èyí tí a ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni a fi ń wé ara ìwọ̀ kékeré kan títí yóò fi jọ kòkòrò tí ń bà lójú omi. Kò sí ohun tí ẹja lè jẹ nínú rẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ni a fi ń tàn án. Nítorí pé irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kò ṣeé jù. Okùn rẹ̀ ni a mú kí ó nípọn, kí ó sì wúwo. Okùn náà ni apẹja ń jù, ìwọ̀ a sì máa tẹ̀lé e. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ní ọdún 1496 ni a ti tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ka irú eṣinṣin àtọwọ́dá 12 lẹ́sẹẹsẹ. Ní ọdún 1653 Izaak Walton gbé ìwé The Compleat Angler jáde, ní 1676 Charles Cotton sì fi apá kan kún un tí ó dá lórí iṣẹ́ yìí. Eṣinṣin kan sì wà tí a ń pè ní Greenwell's Glory, tí àwọn apẹja ń lò títí di òní. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Greenwell, ará Durham, ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é ní 1854, James Wright ni ó sì wé e fún un.

Ìdáhùn wa sí ará wa kúrú: odò náà dára, ọmọ náà sì tó ẹni tí a ń kọ́. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò rọ́bà yẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀, kí a sì to gbogbo ètò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwádìí kí ọjọ́ tó pé

Ẹni tí ó ti ń pẹja ní Blagdon láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ adágún ni. Omi adágún dúró sójú kan. Bí a ti fi í sílẹ̀ lánàá ni a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lónìí. Odò Usk ń ti orí òkè ṣàn wá, ó ń gba Brecon, Crickhowell àti Abergavenny kọjá kí ó tó bọ́ sí ẹnu òkun ní Newport. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè ní òru, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò lè má rí ìkùukùu kan lójú ọ̀run, kí omi sì kún bá a níbi tí ó dúró sí. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ọmọ ẹ̀kọ́ méjì ni yóò lọ sí Usk ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Èkínní, ẹ wádìí ẹni tí ó ni omi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, onílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ apẹja ni ó ni ẹ̀tọ́ ẹja pípa ní etí odò kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lórí odò Usk, Wye and Usk Foundation ní ètò kan tí a ń pè ní Fishing Passport, nípa èyí tí àlejò lè ra àṣẹ ọjọ́ kan fún ibi tí ó bá yàn. Ìwé àṣẹ ti ìjọba tún wà lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 13 sí 16, ṣùgbọ́n kí a gbà á kí a tó jáde nílé, nítorí ìtanràn ẹni tí a bá mú láìní i lè tó £2,500. Kò yẹ kí ohun tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ rí létí odò jẹ́ àgbà ilé rẹ̀ tí ń bẹ ẹ̀ṣọ́.

Èkejì, ẹ wo àsìkò. Lórí Usk, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni a ń ṣí ẹja tráótì sílẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni a sì ń tì í. Fún ẹni tí kò tíì mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ rí, ìparí oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni ó dára jù. Òtútù ti dínkù nígbà náà, ojúmọ́ gùn, kòkòrò sì pọ̀ lójú omi.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín kí ọjọ́ náà tó pé, láìmú ọ̀pá ìwọ̀ kankan dání. Ẹ rìn ní etí odò láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Ẹ wo ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí, ibi tí ọ̀nà gbà dé omi, ibi tí etí odò kò ga, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, tí igi kò sì dúró lẹ́yìn láti gbá okùn mú. Ẹ wo ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, nítorí àfonífojì ni ilẹ̀ náà. Ẹ gbé ojú sókè pẹ̀lú, kí ẹ wo wáyà iná mànàmáná. Ọ̀pá ìwọ̀ ìsinsìnyí, kábọ̀nù ni a fi ṣe é, kábọ̀nù a sì máa gbé iná. Kí ọ̀pá náà jìnnà sí wáyà tó mítà 30 ó kéré tán. Bí ẹ bá kọjá ní ìlú, ẹ yà sí ilé ìtajà àwọn apẹja, kí ẹ sì béèrè irú kòkòrò tí ń jáde lásìkò náà. Ẹni tí ó ra eṣinṣin mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ odò ṣe rere ju ẹni tí ó kó ọgọ́rùn-ún ti ilé rẹ̀ wá.

Bí odò bá kún ńkọ́?

Natural Resources Wales, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìtọ́jú odò níbẹ̀, a máa fi bí omi ti ga tó hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ wò ó ní alẹ́, ẹ sì tún wò ó ní òwúrọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gòkè, ẹ má ṣe lọ. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ó rọrùn láti sọ èyí, ó sì nira láti ṣe. Àgbà tí ó ti san owó àṣẹ, tí ó ti bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí ó ti ṣèlérí fún ọmọ, yóò dé etí odò, yóò rí omi tí ó pọ́n bí omi àgbàrá, yóò sì wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú díẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nítorí náà ni a fi ń gba yín níyànjú pé kí ẹ pinnu nílé, lójú ọmọ náà, kí ẹ sì sọ ibòmíràn tí ẹ ó lọ bí odò bá kún. Blagdon wà níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ ọ́n bí ẹ ti mọ àtẹ́lẹwọ́ yín. Ọmọ tí ó bá rí i pé àgbà yí ètò padà láìbínú ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní ọjọ́ náà, bí kò tilẹ̀ rí ẹja.

Bí ẹ bá sì ti wà létí omi, àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣọ́: bí omi tí ó mọ́ gaara bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú, bí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá ń ṣàn bọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, bí òkúta tí ẹ fi ojú sí ní òwúrọ̀ bá ti bọ́ sábẹ́ omi. Ẹyọ kan nínú wọn tó láti mú kí a kó ẹrù.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde

Ohun tí ń ba ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé létí odò gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń ju okùn. Omi ń ṣàn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, igi ń gbá okùn mú, ẹja ń fò níwájú, ọmọ ẹ̀kọ́ kò sì mọ èyí tí òun yóò wò. Ẹ kọ́ ọ lórí koríko ní pápá tí ó súnmọ́ ilé, ìdajì wákàtí lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣe so ìwọ̀ mọ́ okùn rárá. Ẹ so òwú pupa kékeré kan dípò rẹ̀. Ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, pẹ̀lú okùn tí a kọ nọ́ḿbà 5 sí lára, dára fún un.

Ẹ jẹ́ kí ó ro ojú agogo ńlá kan tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó gbé ọ̀pá sókè láti iwájú, kí ó sì dá a dúró nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n agogo 1 lẹ́yìn. Kí ó dúró níbẹ̀ títí okùn yóò fi nà tán lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó tún gbé ọ̀pá wá síwájú kí ó sì dá a dúró ní ìwọ̀n agogo 10. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìdúró tí ó wà láàárín méjèèjì. Agbára kò ràn án. Ọmọ tí ń fi agbára jù ú yóò máa gbọ́ kí okùn dún bí pàṣán, okùn yóò sì já lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá lè ju okùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, kí ó sì rọra bà sílẹ̀, ó ti tó láti pa ẹja ní odò Usk. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ jọ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó wà lẹ́nu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀tẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀ yọ. Ìwọ̀ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò yọ lẹ́nu ẹja wẹ́rẹ́. Bí ó bá sì gún ènìyàn, yóò yọ wẹ́rẹ́ bákan náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì ní jígí ojú àti fìlà tí ó ní etí, nítorí ìwọ̀ tí ń fò kọjá létí kì í mọ ojú yàtọ̀. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ, oúnjẹ tí ọmọ náà fẹ́ràn, àti omi mímu. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a fi nǹkan bò ó. Kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, nítorí àrùn kan wà tí a ń pè ní àrùn Weil, ìtọ̀ èkúté inú omi ni ó ń fà á.

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò rọ́bà

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Àwọn kan a máa wí pé ṣòkòtò rọ́bà tí omi bá kún a máa fa ènìyàn rì. Omi tí ó wà nínú rẹ̀ kò wúwo ju èyí tí ó yí i ká lọ. Ibi tí ó ń ṣe ni pé ó ń fún ẹni tí kò mọ̀ ní ìgboyà láti lọ síbi tí kò yẹ kí ó lọ. Ìsàlẹ̀ odò Usk kún fún òkúta tí ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Omi tí ń ṣàn dé orúnkún ń ti ènìyàn. Èyí tí ó bá dé itan lè gbé àgbàlagbà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó bá tutù ju ìwọ̀n 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius a máa gba èémí lẹ́nu ẹni tí ó bá já sínú rẹ̀ lójijì. Yóò fa èémí sínú láìfẹ́, bí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi, omi ni yóò fà. Púpọ̀ nínú ọdún ni odò Wales fi ń tutù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá ń kú nínú rẹ̀. Kí ni kí a wá sọ nípa ọmọ tí kò lúwẹ̀ẹ́ rí?

Nítorí náà, kí ọmọ náà pẹja láti orí ilẹ̀, tàbí láti orí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó tẹ́jú ní etí odò, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lásán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ó wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó lójú omi láti ìgbà tí ó bá kúrò lẹ́bàá ọkọ̀ títí yóò fi padà síbẹ̀. Kí àgbà dúró ní apá ìsàlẹ̀ odò sí i, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi ń gbé ènìyàn lọ. Ẹ sì kọ́ ọ nílé pé bí ó bá ṣubú, kí ó má ṣe jà. Kí ó dojú sókè, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú sí apá ìsàlẹ̀ odò, kí omi gbé e títí yóò fi kan ibi tí kò jìn. Kí ẹni tí ó kù nílé mọ orúkọ ibi tí ẹ lọ àti wákàtí tí ẹ ó padà. Nọ́ḿbà ìpè fún ìrànlọ́wọ́ ni 999.

Bí ó bá wu ọmọ náà láti wọ inú omi gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù, ẹ sọ fún un pé òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbà tí yóò jẹ́: ìgbà tí ó bá ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó tìtorí èyí béèrè pé kí ẹ mú òun lọ kọ́ ọ.

Ọjọ́ náà gan-an

Ọ̀pá kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè korò lẹ́nu apẹja, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ọ̀pá méjì lọ yóò ju okùn lẹ́ẹ̀kan, yóò rí ẹja kan tí ó fò, yóò sì gbàgbé ọmọ fún ìdajì wákàtí. Ìyá ọmọ náà wà ní Ìbàdàn. Ojú yín ni ó fi sílẹ̀ dípò ojú tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn jíjù. Ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbé òkúta kan láti etí omi, kí ẹ yí i padà, kí ọmọ náà wo àwọn kòkòrò kékeré tí ń rákò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé àwọn mìíràn nínú wọn a máa gbé ìsàlẹ̀ odò tó ọdún kan tàbí méjì, kí wọn tó gòkè wá sójú omi, kí wọn hu ìyẹ́, kí wọn sì fi ọjọ́ kan tàbí díẹ̀ sí i lo ayé. Ìgbà tí wọ́n bá ń gòkè bọ̀ ni ẹja tráótì ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àpótí, kí òun fúnra rẹ̀ yan eṣinṣin tí ó jọ èyí tí ó rí. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí kòkòrò ni ó ń wò, kì í ṣe ojú yín.

Ẹja tráótì a máa dojú kọ òkè odò láti dúró de oúnjẹ tí omi ń gbé bọ̀. Nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a gbà yọ sí i, kí a máa rìn láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, láìfi ẹsẹ̀ kilẹ̀, láìjẹ́ kí òjìji wa bọ́ sórí omi. Ibi tí omi yíyára àti omi pẹ̀lẹ́ ti pàdé ni kí a jù sí, àti ẹ̀yìn òkúta ńlá. Ibi tí ìfófòó bá ń gbà lójú omi ni oúnjẹ ẹja ń gbà.

Bí okùn bá lọ́, kí àgbà tú u láìráhùn. Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe, kí a má ṣe gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi hàn án ju ìgbà kan lọ. Ọmọ tí a ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá yóò wá jókòó, yóò sì fi í sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀kọ́ kan ni kí a máa sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹja bá sì gbé e, ó pẹ́ ni, ó kéré ni, kí ọmọ náà rẹ ọwọ́ sínú omi kí ó tó fi kàn án, kí ó yọ ìwọ̀ nígbà tí ẹja ṣì wà nínú omi, kí ó sì di ẹja náà mú kí ó kọjú sí ìṣàn títí yóò fi fúnra rẹ̀ wẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹja sámọ̀nù ni ó ṣèèṣì gbé e, dídá a padà kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ yíyàn. Òfin ilẹ̀ Wales ni láti ọdún 2020.

Wákàtí mẹ́rin tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú oúnjẹ láàárín. Kí ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń wù ú láti dúró. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ bàtà, àwọ̀n àti gbogbo ohun tí ó kan omi, kí ẹ sì sá wọn gbẹ kí ẹ tó kó wọn lọ sí Blagdon, kí ẹ má bàa gbé kòkòrò àti ewéko àjèjì láti inú omi kan lọ sínú òmíràn.

Níkẹyìn, ẹ̀yin ará wa, ẹ kọ̀wé pé kí a sọ bí ọjọ́ náà yóò ti dára. Ẹ má ṣe fi iye ẹja wọ̀n ọ́n. Bí ọmọ náà bá padà dé láìfarapa, tí ó sì bi yín ní ìbéèrè kan nínú ọkọ̀ tí kò bi yín ní òwúrọ̀, ètò yín ti yọrí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn kí ó sì ròyìn fún un. Ẹ̀yin ẹ dákẹ́, kí ẹ má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀.

A ń retí lẹ́tà yín nígbà tí ẹ bá ti ibẹ̀ dé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.